Ta Ló Ni Iṣẹ́ Àṣetiléwá?

Bí ìyá bá bá ọmọ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ṣé ìrànlọ́wọ́ ni àbí irọ́ ni ó kọ́ ọ?

Nígbà tí a ń kọ́ kíláàsì kẹrin, a ní kí àwọn ọmọ kọ èrò wọn nípa oúnjẹ aṣaralóore àti iṣẹ́ òbí. Nínú ìwé ọmọbìnrin kan, ìyá ti pa ohun tí ọmọ kọ rẹ́, ṣùgbọ́n ojú pẹ́ńsù rẹ̀ ṣì hàn: ‘Gààrí ni à ń mu. Bàbá mi kò níṣẹ́.’ Ìyá wá kọ ẹyin àti wàrà lé e.

A kò dá ìyá náà lẹ́bi púpọ̀; ìtìjú kì í ṣe nǹkan kékeré. Àwa tí a bi ọmọ ní ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀, tí a sì fẹ́ gba máàkì lé e lórí, ńkọ́? Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún 6, kí wọ́n lè fi èdè ìyá wọn ronú. Ọmọ tiwa ronú, ó sì sọ òtítọ́.

Máàkì 10 ni a fún ìwé náà. Ọmọ náà wò wá, kò sọ nǹkan kan.