Yẹ̀pẹ̀ Ọ̀fẹ́ Tó Lé Àwọn Ọmọ Kúrò Nílé Ìwé

Lọ́dún 1975, wọ́n kó àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Mary's jáde ní ìlú Port Hope, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Iná kọ́ ló ń jó, ògiri kọ́ ló fẹ́ wó. Afẹ́fẹ́ inú kíláàsì ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì rí i pé gáàsì radon tó wà nínú rẹ̀ ti pọ̀ kọjá ohun tó yẹ kí ọmọ ènìyàn máa mí símú. Radon kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń mí i símú fún ọdún gbọọrọ lè tibẹ̀ kó jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ìdí, abẹ́ ilé ìwé náà ló já sí: yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi kún ilẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ ló ń tú u sókè.

Àwọn tó kó yẹ̀pẹ̀ náà débẹ̀ kò gbèrò ibi. Ìlú kékeré ni Port Hope, létí adágún Ontario, nǹkan bí 100 kìlómítà sí ìlà-oòrùn Toronto. Lọ́dún 1930, Gilbert LaBine rí òkúta tó ní radium nínú lẹ́bàá adágún Great Bear ní àríwá Kánádà, nígbà tó sì fi di 1933, ilé iṣẹ́ Eldorado ti ń yọ radium náà ní Port Hope. Ọjà olówó iyebíye ni; àwọn oníṣègùn ń wá a láti fi wo jẹjẹrẹ. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, uranium inú òkúta kan náà ló kù tí wọ́n ń wá, torí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe àdó olóró átọ́míìkì lọ́wọ́. Port Hope ni wọ́n ti fọ púpọ̀ nínú rẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n wà jáde nílẹ̀ Kóńgò nígbà tí Belgium ń ṣàkóso ibẹ̀. Ìjọba Kánádà gba ilé iṣẹ́ náà lọ́dún 1944.

Ṣùgbọ́n radium inú òkúta kò tó nǹkan rárá. Ohun tó ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́ tán ló pọ̀, ìyókù radium inú rẹ̀ ló sì ń di gáàsì radon. Wọ́n ń dà á sí àfonífojì, wọ́n ń dà á sí etí èbúté. Òjò ń wọ́ ọ lọ, atẹ́gùn ń gbé e, ọkọ̀ tó ń kó o ń já a sílẹ̀ lójú títì. Síbẹ̀, lójú tèmi, ìwà tí gbogbo wa ń hù ló tàn án ká jù: ká má fi nǹkan ṣòfò. Àgbàlá ẹnì kan rì, ó nílò yẹ̀pẹ̀ tí yóò fi tẹ́ ẹ. Ẹlòmíràn ń ṣe ìpìlẹ̀ ilé, ó ń wá ohun tí yóò fi kún un. Yẹ̀pẹ̀ àti àlòkù ohun ìkọ́lé láti ilé iṣẹ́ náà sì wà nílẹ̀. Wọ́n kó o, wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n gbin koríko lé e lórí, ó sì rí mèremère. Kò sẹ́ni tó bá yẹ̀pẹ̀ náà kọ ìwé kankan, nítorí náà ẹni tó ra ilé lẹ́yìn ogún ọdún kò ní ohun tí yóò fi mọ̀.

Láàárín 1976 sí 1981, wọ́n hú ilẹ̀ ilé tó lé ní 400, wọ́n sì kó nǹkan bí 100,000 tọ́ọ̀nù yẹ̀pẹ̀ lọ sí Chalk River, ibùdó ìwádìí átọ́míìkì kan ní Kánádà. Kò tán síbẹ̀. Lọ́dún 2001, ìjọba àpapọ̀ àti ìlú náà tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pé wọn yóò palẹ̀ gbogbo rẹ̀ mọ́. Nígbà tó di 2012, ìjọba gbé bílíọ̀nù 1.28 dọ́là Kánádà sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà àti fún àdúgbò kejì rẹ̀, Port Granby. Ilé nǹkan bí 4,800 ni wọ́n ní láti yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Òkìtì ńlá tí wọ́n fi aṣọ rọ́bà àti amọ̀ dì ni wọ́n ń kó yẹ̀pẹ̀ náà sí, wọn yóò sì máa ṣọ́ ọ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, nítorí ó ń gba radium ní nǹkan bí 1,600 ọdún kí agbára rẹ̀ tó dín sí ìdajì. Owó tí ẹnì kan fi pamọ́ lórí ọkọ̀ yẹ̀pẹ̀ kan rèé, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń san án.

Lọ́dún 2019, ìpínlẹ̀ Ontario, níbi tí Port Hope wà, ṣòfin lórí yẹ̀pẹ̀ tó bá ṣẹ́kù níbi ìkọ́lé. Kì í ṣe Port Hope ló fà á. Yẹ̀pẹ̀ Toronto tí wọ́n ń kó lọ dà sí oko àwọn ará ìgbèríko wà lára ohun tó fà á. Òfin náà kò ní kí wọ́n má lo yẹ̀pẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ kí wọ́n lò ó, ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́ ńlá, ẹni tó wà á gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ti ṣe lórí ilẹ̀ náà rí, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí dẹ́rẹ́bà sì lè sọ ibi tó ti gbé e àti ibi tó ń gbé e lọ.

Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ àwọn adágún tí wọ́n gbẹ́ fún omi òjò wà nínú òfin yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Adágún wọ̀nyí ni gbogbo ẹ̀gbin ojú títì ń ṣàn wọ̀: ọ́ìlì ọkọ̀, èérún táyà, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sórí yìnyín. Bí wọ́n bá kó ẹrẹ̀ náà jáde tó gbẹ, dúdú ni, ó sì rí lẹ́búlẹ́bú bí ilẹ̀ ẹ̀fọ́. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Àwọn kọngílá ráhùn pé ìnáwó pọ̀, ìjọba sì dá apá kan òfin náà dúró lọ́dún 2022 títí di January 2023. Mo gbà pé owó ni. Àmọ́ kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bílíọ̀nù 1.28 yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi yẹ̀pẹ̀ típà kún ilẹ̀ àbàtà l'Ékòó, ẹ̀yin tí ẹ ń bu ẹrẹ̀ gọ́tà sídìí ẹ̀fọ́, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi dẹ́rẹ́bà léèrè ibi tó ti wà á. Bí kò bá lè sọ, ẹ ní kó máa gbé e lọ.