Ìwúre Lórí Ọmọ Tó Sùn Sórí Àga

Sùn, ọmọ mi, má jí. Mo ti ki oríkì rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, imú lo fi ń dá mi lóhùn. Bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ, ògì tí ìyá rẹ gbé kalẹ̀ ti ń dì nínú abọ́, síbí kò sì tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ. Aago mẹ́jọ àárọ̀ àná lo jáde, aago mẹ́jọ alẹ́ ló yẹ kí o ṣíwọ́. Ìpè kan wọlé bí o ti fẹ́ bọ́ aṣọ iṣẹ́ àm̀búláǹsì, òmíràn tẹ̀ lé e, ó di ìdájí òní. Orí ìkúnlẹ̀ ló yẹ kí ẹni tí à ń wúre fún wà, kó máa ṣe àṣẹ. Ṣùgbọ́n o ti kúnlẹ̀ tó látàná. Èmi ni n óò wúre, èmi náà ni n óò ṣe àṣẹ.

Orúnkún tí o fi kúnlẹ̀ ti bàbá arúgbó yẹn lórí sìmẹ́ńtì ní Agége kò ní yẹ̀ lábẹ́ rẹ. O ní ọwọ́ méjèèjì lẹ fi ń tẹ àyà rẹ̀, ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Tó bá yá jù, ẹ̀jẹ̀ kò ráyè padà sínú ọkàn, tó bá falẹ̀ jù, kò dé ọpọlọ. O ní ìṣẹ́jú méjì-méjì ni ìwọ àti ẹnìkejì rẹ fi ń gbà á lọ́wọ́ ara yín, torí ọwọ́ tó ti rẹ̀ kì í tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa mọ́. Bàbá náà kò padà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin di aṣọ rẹ mú: "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáwọ́ dúró." Gbogbo èèyàn ló ń pè ọ́ ní nọ́ọ̀sì; àlàyé ti sú ọ. Mo wúre fún bàbá náà, kó sùn re. Mo wúre fún ọmọ rẹ̀, kó rí ẹni tí yóò di òun náà mú. Fún ìwọ, kí ohùn yẹn dúró sí ẹnu ọ̀nà wa níta, kó má bá ọ wọ inú oorun. Ẹ̀mí tí o sáré bá, tó ti ń lọ kí o tó dé, wọn kò ní kà á sí ọ lọ́rùn. Ìwọ náà kò ní kà á sí ara rẹ lọ́rùn. Àṣẹ.

Ẹ̀yìn rẹ ńkọ́? Ẹ̀yìn tí o tẹ̀ láti gbé ìyá olóyàyà, tó sanra bí ìyá mi, sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta ní Muṣin, níbi tí sítírẹ́ṣà kò ti lè yí kọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn, tó jẹ́ aṣọ ìbora lẹ fi gbé e. Ẹ̀yìn náà kò ní kán. Kò ní di ẹ̀yìn tí à ń fi róòbù ra lálaalẹ́. Ẹ̀yìn yẹn ni wàá fi pọn ọmọ, ẹ̀yìn yẹn ni wàá fi ti ògiri ilé tí o kọ́ fúnra rẹ. Ẹ̀yìn rẹ yóò dára. Àṣẹ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ló kù. Ibẹ̀ ni àdúrà mi ti wúwo, nítorí mo jẹ gbèsè níbẹ̀. Èmi bàbá rẹ wa dáńfó láti Òṣòdì sí Ọbáléńdé fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá LASAMBUS sílẹ̀ ní 2001, tí àm̀búláǹsì wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú títì, inú àwa awakọ̀ dùn, kì í ṣe nítorí aláìsàn. Bí a bá gbọ́ fèrè rẹ̀ lẹ́yìn wa lórí afárá Third Mainland, a ó rọra yà fún un. Bó bá ti kọjá báyìí, a ó há mọ́ ọn nídìí. Afárá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12. Ẹni tó bá rí ìdí àm̀búláǹsì dì mú ní Òwòròǹsòkí, ó di Adéníjì kó tó tẹ búrékì. Kọ́ńdọ́ mi á na ọwọ́ síta, á máa pariwo pé, "Ìyàwó ọ̀gá ń rọbí!" Àwọn èrò á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. N kò bèèrè rí pé ta ló wà nínú ọkọ̀ iwájú. Lọ́jọ́ mìíràn n kò tilẹ̀ ní yà. Mo ní òfìfo ni, pé awakọ̀ rẹ̀ kàn ń sáré lọ jẹun ni.

Lánàá, ẹ há sí Kétu pẹ̀lú ọmọ ọlọ́kadà tí tírélà gbá. Egungun itan rẹ̀ ti kán, ẹ ti fi igi dè é, ọ́síjìn ń lọ sílẹ̀ nínú sílíńdà, ilé ìwòsàn Ìgbòbí tí ẹ ń gbé e lọ kò sì jìnnà rárá. Dáńfó kan dúró gbagidi níwájú yín, ó ń kó èrò. Nígbà tí o sọ ọ́, mo wolẹ̀. O rò pé oorun ni.

Ọ̀nà, mo bẹ̀ ọ́. Ohun tí mo ṣe sí ọmọ ọlọ́mọ, má fi san án fún ọmọ mi. Mò ń kírun, ṣùgbọ́n awakọ̀ wo ló di sítíárì mú tí kò pe Ògún rí? Ògún, ọkọ̀ tí ọmọ mi wà nínú rẹ̀, irin ni. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀, irin ni. Sílíńdà tó ń gbé sá gòkè sá sọ̀ kalẹ̀, irin ni. Irin tí ń dá ẹ̀mí dúró ni kí o mọ̀ wọ́n sí. Ọ̀nà kì í dí mọ́ èèrà: títì kò ní dí mọ́ ọ, ọmọ mi. Afẹ́fẹ́ kì í tọrọ àyè kó tó kọjá: wàá kọjá. Kí dáńfó yà, kí tírélà yà, kí ọkọ̀ olówó tó ń fọn fèrè lásán yà. Búrékì kò ní já mọ́ yín lẹ́sẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àṣẹ, àṣẹ, àṣẹ.

Aboyún tí gìrì mú ní Ìyànà-Ìpájà, tí o yí sí ẹ̀gbẹ́ òsì, tí ẹ gún ní magnesium, kí ìròyìn rẹ̀ dé etí rẹ, kó jẹ́ tìyá-tọmọ. Ohun tó ń dùn yín jù nìyẹn: ẹ gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ilẹ̀kùn pa dé, ẹ kò mọ ibi tó já sí. Kí wọ́n máa jẹ́ kí ẹ mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọ mọ́ pé "Kò sí bẹ́ẹ̀dì" lẹ́ẹ̀mẹ́ta lálẹ́ kan. Kí wọ́n má bi ẹni tí ìbọn bà léèrè ìwé ọlọ́pàá kí wọ́n tó dí ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Òfin 2017 ti ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ ná, owó kò gbọdọ̀ ṣáájú, ìwé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ ṣáájú. Kí ẹni tó jókòó sídìí tábìlì rántí òfin náà kí ẹ̀jẹ̀ tó tán. Àṣẹ.

Ẹni tó fi 767, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì, ṣeré lóru, tí ẹ sáré dé Ògbà tí ẹ kò bá ẹnì kankan, ó kù díẹ̀ kí n ṣépè fún un. Kí ó gbọ́n kó tó di ọjọ́ tí òun náà yóò pè tòótọ́.

O ń rẹ́rìn-ín lójú oorun. Bóyá ọmọ tí wọ́n bí sọ́wọ́ yín lórí afárá Third Mainland ni o ń rí. O ní awakọ̀ dáńfó kan fi ọkọ̀ rẹ̀ dábùú lẹ́yìn yín, ó tan gbogbo iná rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń ju ọwọ́ sí àwọn tó ń bọ̀ kí wọ́n má bàa gbá yín, títí ọmọ fi ké. N kò mọ̀ ọ́n. Kí táyà rẹ̀ má fọ́. Kí agbèrò má yọ ọ́ lẹ́nu. Kí owó ọkọ̀ rẹ̀ pé kí oòrùn tó wọ̀, kí ó sì pẹ́ lórí sítíárì jù mí lọ. Àṣẹ.

Mo ti tú okùn bàtà rẹ. Ògì á padà sórí iná nígbà tí o bá jí.