Níbi Tí A Ti Sọ Ọ́ Lórúkọ

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí a bá ṣi ilé wò ńkọ́? Ta ni kí ó gba orúkọ náà padà?

Ọmọkùnrin kan gba yàrá ní agboolé wa lẹ́bàá Ọjà'ba. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, á jáde. Òwúrọ̀ kùtù ló ń wọlé. Ìgbà tí adìẹ ìyá àgbà sọnù, bàbá kan dúró ní Oríta-mẹ́rin, níṣojú aláta àti elélùbọ́, ó ní, "Olè ni! Ta ní ń fi òru rìn bí kò ṣe olè?" Lọ́jọ́ kẹta a rí adìẹ lẹ́yìn igi ìdáná, ó ń sàba. Ọmọkùnrin náà sì rèé, ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́ òru.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ sọ fún wọn pé ẹ ṣì í pè." Ó ní, "Èmi! Kí n lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ àná? Ṣebí gbogbo yín ti mọ̀ pé kì í ṣe olè." Àwa mọ̀ lóòótọ́, elélùbọ́ kò mọ̀. Kò pé oṣù kan tí ọmọ náà fi kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí aláǹtakùn dúdú kékeré kan tí òun náà ń fi òru rìn. Kì í ta òwú dẹ ẹran. Abẹ́ òkúta ló ń sùn lọ́sàn-án, ilẹ̀ ló sì ti ń ṣọdẹ. Ní 1833, C. L. Koch, ará Jámánì, kó irú wọn jọ sí agbo kan, ó pè é ní Melanophora. Àṣé Meigen ti fún agbo eṣinṣin kan ní orúkọ yẹn láti 1803! Òfin àwọn tó ń to ẹranko lẹ́sẹẹsẹ ni pé agbo méjì kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ kan. Ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ ló ni ín. Ní 1848, Gistel pààrọ̀ ti aláǹtakùn sí Zelotes. Ní 1944, Lohmander fa díẹ̀ yọ nínú wọn, ó dá agbo tiwọn sílẹ̀. Ní 2007, Moira FitzPatrick tún yẹ àwọn ti ilẹ̀ Áfíríkà wò. Wọn kò sì pa orúkọ aṣáájú rẹ́. Bí aláǹtakùn kan bá kúrò ní agbo kan bọ́ sí òmíràn, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣì ń tẹ̀ lé e. Àmì àkámọ́ ni wọ́n kàn ń fi yí i ká. Bí wọ́n ti ń tún àṣìṣe ṣe nìyẹn láìtàbùkù àgbà.

Aláǹtakùn kò gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Onílé kò lé e nítorí rẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n tún un ṣe, wọ́n kọ ọ́ síbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Ènìyàn wá ńkọ́, tí ń gbọ́, tí orúkọ sì ń ro?

Wọ́n á ní àgbà kì í bẹ ọmọdé. Èmi kò ní kí ó dọ̀bálẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò tó kí a mọ òótọ́ sínú. Níbi tí a ti fi ẹnu sọ ọmọ lórúkọ burúkú, níbẹ̀ ni kí a ti fi ẹnu náà gbà á padà, kí etí tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ lè gbọ́ ìkejì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwa tí a mọ̀ tí a dákẹ́, àwa náà la jọ sọ ọ́ lórúkọ.