Wíwo Ikọ̀ Ẹlẹ́gbẹ́ Wa Ṣáájú Ìdíje: Ẹ̀rí Ni À Ń Jẹ́



 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀rọ̀ wa nínú oṣù yìí dá lórí ohun kan tí àwọn tí ó ń kópa nínú ìdíje róbọ́ọ̀tì láàrin yín ń ṣe, tí ọ̀pọ̀ yín kò sì kà á sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rárá. Kí ìdíje tó gbóná, ikọ̀ kọ̀ọ̀kan a máa yan àwọn ọmọ tí yóò lọ wo àwọn ikọ̀ yòókù. Wọn a mú ìwé àti bírò, wọn a máa rìn láti ìsọ kan dé òmíràn níbi tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn ti ń tún róbọ́ọ̀tì ṣe. Wọn a béèrè bí ó ṣe ń rìn, ohun tí ó lè gbé, àti ibi tí ó ti máa ń dákú. Bí eré bá bẹ̀rẹ̀, wọn a jókòó sí òkè, ẹnì kan fún róbọ́ọ̀tì kan, wọn a sì máa kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rí.

Ẹ jẹ́ kí a là á díẹ̀ fún ẹni tí kò wò ó rí. Ní Amẹ́ríkà, Dean Kamen dá àjọ tí wọ́n ń pè ní FIRST sílẹ̀ ní ọdún 1989, ìdíje wọn àkọ́kọ́ sì wáyé ní ọdún 1992. Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti ń so ikọ̀ pọ̀ mọ́ ikọ̀ lórí pápá. Nígbà tí ó di ọdún 2005, ó di ikọ̀ 3 sí ikọ̀ 3. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìṣẹ́jú 2 àti ààbọ̀ péré ni eré kan, ìṣẹ́jú-àáyá 15 àkọ́kọ́ sì jẹ́ ti róbọ́ọ̀tì nìkan, ọmọ ènìyàn kò gbọdọ̀ darí rẹ̀.

Ibi tí ó ti yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nìyí: ẹni tí ẹ bá jà ní àárọ̀ lè jẹ́ ẹni tí wọn yóò so mọ́ yín ní ọ̀sán. Bí ìpele àkọ́kọ́ bá sì parí, àwọn ikọ̀ 8 tí ó léwájú ni yóò máa fi ẹnu ara wọn pe àwọn tí wọ́n fẹ́ bá ṣe pọ̀ títí dé àṣekágbá. Ìwé tí àwọn ọmọ tí ó jókòó sí òkè kọ ni olórí ikọ̀ máa ń gbára lé kí ó tó la ẹnu. Bí ìwé náà bá purọ́, yóò pe ẹni tí kò yẹ, yóò sì fo ẹni tí ó yẹ kọjá, àwọn ọmọ tí wọ́n ti fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ so wáyà tí wọ́n sì kan ìṣó yóò sì kó ẹrù wọn lọ sílé. Ẹlẹ́rìí ni ẹni tí ó di bírò yẹn mú, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Ẹ wo ẹyẹ Hudhud nínú Sūratun-Naml. Ànábì Sulaymān (kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a) wá a láàrin àwọn ẹyẹ, kò rí i. Nígbà tí ó dé, ó ní ìròyìn tí ó dájú ni òun mú wá láti Saba'i: obìnrin kan ni ó ń jọba lé wọn lórí, ìtẹ́ rẹ̀ tóbi, òòrùn ni wọ́n sì ń forí kanlẹ̀ fún. Ẹyẹ kékeré yìí kò sọ pé wọ́n ní. Ó sọ ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí. Síbẹ̀ Ànábì Sulaymān kò gbé e mì bẹ́ẹ̀, kò sì pè é ní òpùrọ́. Ó ní àwọn yóò wò ó bóyá òdodo ni tàbí irọ́, ó sì fi lẹ́tà rán an padà. Olórí ikọ̀ tí ó bá fẹ́ kọ́ bí a ti ń gba ìròyìn, kí ó ka āyà 20 sí 28 nínú sūrà náà, kí ó tún un kà.

Ìròyìn tí a bá fẹ́ gbọ́ a máa tètè dùn létí wa. Kí ogun Badr tó bẹ̀rẹ̀, ní ọdún kejì Híjírà, àwọn sàhábà mú àwọn tí ń pọn omi fún Kùráyíṣì. Wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ Abū Sufyān àti ẹrù òwò rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, torí pé ẹrù yẹn ni ọkàn wọn fẹ́. Àwọn yẹn ní ogun Kùráyíṣì ni àwọn ń pọn omi fún. Wọ́n bá nà wọ́n. Nígbà tí ìyà pọ̀, wọ́n ní àwọn jẹ́ ti Abū Sufyān, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń kírun lọ́wọ́. Nígbà tí ó parí, ó fi yé wọn pé òdodo ni wọ́n ń nà wọ́n lé lórí, irọ́ ni wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ fún. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè iye ènìyàn tí ó wà nínú ogun náà. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀, wọ́n ṣáà pọ̀. Ó wá béèrè iye ràkúnmí tí wọ́n ń pa lóòjọ́. Wọ́n ní ọjọ́ kan 9, ọjọ́ kejì 10. Ó ní a jẹ́ pé wọ́n wà láàrin 900 sí 1,000. Ẹ ò rí ìṣirò! Ìbéèrè kan tí ó bọ́ sí ojú ọ̀nà ju ẹgba ọgọ́rùn-ún lọ.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa bi àwọn ikọ̀ tí ẹ bá lọ wò. Bí ẹ bá bi ọmọ kan pé, "Ṣé róbọ́ọ̀tì yín dára?", yóò ní ó dára. Bí ẹ bá bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ni ó ti gbé ẹrù dé òkè nínú eré 3 tí wọ́n ti ṣe, ẹ óò rí nǹkan kọ. Ẹ má sì jẹ́ kí àròpọ̀ tàn yín jẹ. Róbọ́ọ̀tì kan ju bọ́ọ̀lù 10, 9 àti 11. Òmíràn ju 24, òdo, àti 6. Ọgbọ̀n ni àwọn méjèèjì, 10 ni ìpíndọ́gba wọn, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé ìkan náà ni wọ́n? Bẹ́ẹ̀ náà ni àmì tí ikọ̀ 3 jọ gbà. Ẹni tí ó bá wo àpapọ̀ nìkan yóò fi iṣẹ́ ẹni tí ó ṣiṣẹ́ yin ẹni tí ó kàn dúró sójú kan. Ọlọ́hun fi ègbé kéde fún àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù ní ìbẹ̀rẹ̀ Sūratul-Mutaffifīn. Àgbàdo àti ìrẹsì nìkan kọ́ ni a ń wọ̀n. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ẹlòmíràn náà ń gba inú òṣùwọ̀n wa kọjá.

A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò sọ pé: ṣebí Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti máa ṣe amí ara wa, láti máa sọ ara wa lẹ́yìn, nínú Sūratul-Hujurāt (49:12)? Báwo ni ti ìwé yìí ṣe jẹ́?

Ìdáhùn wà nínú ọ̀rọ̀ Fātimah ọmọ Qays (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i). Ọkùnrin méjì, Mu'āwiyah àti Abū Jahm, ni ó fẹ́ fẹ́ ẹ, ó sì wá bá Ànábì fún ìmọ̀ràn. Ànábì sọ fún un pé tálákà ni ti àkọ́kọ́, kò lówó lọ́wọ́. Ti ìkejì kì í gbé ọ̀pá kúrò ní èjìká. Ó ní kí ó fẹ́ Usāmah. Hádíìsì náà wà nínú àkójọ Muslim. Àwọn àgbà onímọ̀ bíi Imam Nawawī fi irú rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé sísọ àbùkù ẹni fún ẹni tí ó fẹ́ bá a ṣe pọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti mọ níwọ̀n: ohun tí ó kan ìgbéyàwó nìkan ni, kò fi ojú tàbí ìdílé kún un. Nítorí náà, "apá róbọ́ọ̀tì wọn máa ń há" tọ́ láti kọ. "Bàtà ọmọ wọn ti já" kò tọ́, "wọn kò gbọ́ òyìnbó" náà kò tọ́. A kò rí ohun tí ìyẹn fẹ́ ṣe fún olórí ikọ̀ yín àfi kí ó fi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn sì ni 49:11 kọ̀ fún wa.

Ní ti ìṣe amí, ohun tí ó wà lórí pápá jẹ́ ti gbogbo ojú. Ohun tí ẹ bá béèrè tí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn dáhùn, ẹ kọ ọ́. Bí wọ́n bá ní àwọn kò ní sọ, ẹ dúpẹ́, kí ẹ kọjá. Ṣùgbọ́n kí a ṣí kọ̀ǹpútà onílé nígbà tí ó lọ jẹun, kí a ya fọ́tò ohun tí wọ́n fi aṣọ bò, kí a dúró sí ẹ̀yìn ògiri gbọ́ ètò tí wọ́n ń dá, haráámù ni. Ìyà tí Ànábì sọ pé ó ń dúró de etí tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí kò fẹ́ kí ó gbọ́, òjé yíyọ́ ni. Àwọn kan máa ń mú Hudhayfah wá gẹ́gẹ́ bí àwíjàre, pé Ànábì rán an wọ àárín ọ̀tá ní ogun Kòtò. Ogun ni ìyẹn, àwọn tí ó wá pa Madīnah rẹ́ ni ó dojú kọ. Ta ni ó fẹ́ pa yín níbi ìdíje róbọ́ọ̀tì? Hudhayfah gan-an fi ọfà sí ọrun, Abū Sufyān wà ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó, ó rántí pé wọn kò rán òun ní èyí, ó sì dá ọfà padà.

Èyí tí ó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ikọ̀ tí a kò fẹ́ràn. Àwọn àgbà ní ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà. Ẹni tí ó na yín ní ọdún tí ó kọjá, tí ó tún fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, bí ó bá ju 20 bọ́ọ̀lù, bírò yín yóò fẹ́ kọ 15. Ibẹ̀ ni Sūratul-Mā'idah (5:8) ti dúró dè yín: kí ìkórìíra àwọn kan má gbé yín dé ibi àìṣòdodo. Ànábì sì kọ̀ fún adájọ́ láti dájọ́ nígbà tí inú ń bí i. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú eré tí wọ́n pàdánù, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ ná, ẹ fún un ní omi.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìròyìn tí ó máa ń ṣáájú ènìyàn dé. Ní oṣù July ọdún 2017, àwọn ikọ̀ láti orílẹ̀-èdè tí ó ju 150 lọ péjọ sí Washington fún ìdíje FIRST Global, Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ kọ físà fún àwọn ọmọ Gáńbíà, kí wọ́n tó fún wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ ọ́ fún àwọn ọmọbìnrin Àfùgànístánì tí ó wá láti Herat, ìgbà tí ìdíje kù sí dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n wọlé. Àwọn ọmọ Síríà tí ogun lé kúrò nílé náà wà níbẹ̀, Team Hope ni orúkọ ikọ̀ wọn. Ẹni tí ó bá fi ìròyìn rédíò kọ ìwé rẹ̀ yóò ti fa igi lé orúkọ wọn lórí kí wọ́n tó wọ pápá. Àwọn ọmọbìnrin Àfùgànístánì yẹn gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà fún akitiyan àti ìgboyà wọn. Ẹ̀yin arábìnrin wa tí ẹ ń wọ hìjáàbù mọ bí ó ti ń rí kí wọ́n wo ìbòrí yín kí wọ́n sì pa ìwé dé láìbéèrè nǹkan kan nípa ẹ̀rọ tí ẹ kàn. Ẹ má ṣe é fún ẹlòmíràn.

Bí wọ́n bá wá wo ẹ̀yin náà ńkọ́? Kò pọn dandan kí ẹ tú gbogbo àṣírí yín síta. Èyí tí ẹ bá sọ kò gbọdọ̀ jẹ́ irọ́. Ẹ rántí ọkùnrin tí ó fi ọkà gbígbẹ bo èyí tí òjò pa, tí Ànábì ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé róbọ́ọ̀tì òun kò ní àbùkù kí wọ́n lè pè é, ọkà tútù ni ó ń tà. Bí ẹ bá sì rí wáyà tí ó ti fẹ́ já lára ẹ̀rọ àwọn tí ẹ fẹ́ bá jà, ẹ sọ fún wọn. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yóò jiyàn lórí èyí. Woodie Flowers, ọ̀jọ̀gbọ́n MIT tí ó kú ní ọdún 2019, fi gbogbo agbára kọ́ àwọn ọmọ ìdíje yẹn pé kí wọ́n máa du ipò kìíní tokuntokun, kí wọ́n sì máa ran ẹni tí wọ́n ń bá du ú lọ́wọ́. Kì í ṣe Mùsùlùmí. Yóò ti wá rí tí ọmọ Mùsùlùmí bá rí wáyà yẹn, tí ó dákẹ́, tí ó sì lọ kọ ọ́ sínú ìwé?

Ìrun Àìlà àti Alaásàrí máa ń bọ́ sí àárín eré. Ẹ pín iṣẹ́ ìwòran náà láti ilé, kí ẹnì kan wà tí yóò jókòó dípò ẹni tí ó lọ kírun. Bí kò bá sí ẹni tí ó rọ́pò yín, ẹ fi àyè eré yẹn sílẹ̀ ní òfìfo nínú ìwé. Ẹ má bi ọ̀rẹ́ yín pé, "Kí ni o rò pé ó ṣe?", kí ẹ wá kọ èrò rẹ̀ bí ẹni pé ẹ fi ojú rí i.

Lẹ́yìn àṣekágbá, ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ yín. Iye bọ́ọ̀lù àti ìṣirò lè wúlò fún àwọn àbúrò yín ní ọdún tí ń bọ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀. Ojú ewé tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí nípa awakọ̀ róbọ́ọ̀tì tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tàbí ikọ̀ tí wọ́n bá ara wọn jà níwájú ènìyàn, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ẹ fà á ya kí ẹ tó wọ ọkọ̀.