Ta Ni Yóò Sùn Ti Ìyá?

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ohun tí wọ́n gbà ní Àkúrẹ́ àti Òǹdó nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ọ̀hún ti wà ní Èkó tàbí Kánádà báyìí. Owó ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, owó kì í sì í yí arúgbó padà lórí ibùsùn lóru kí egbò má baà dá sí i lẹ́yìn.

Ṣé ẹni tó sanwó olùtọ́jú ti bọlá fún òbí? Súrà kẹtàdínlógún nínú Kùránì kọ̀ fún ọmọ láti ṣe ṣíọ̀ sí òbí tó darúgbó. Nínú Máàkù orí keje, Jésù bá àwọn tó sọ owó ìtọ́jú òbí di ọrẹ Ọlọ́run wí. Owó wà nínú ọlá náà, sùúrù náà sì wà níbẹ̀.

Òfin ọdún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan ní Nàìjíríà, àmọ́ ti dókítà àti oògùn ni, kì í ṣe ti ẹni tí yóò sùn ti ìyá. Ní ti owó ọjọ́ ogbó, láti 2019, alátẹ Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ náà lè máa dá owó ìfẹ̀yìntì díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ kó tètè bẹ̀rẹ̀.

Ọmọbìnrin tó kù nílé ni iṣẹ́ ìtọ́jú òbí sábà máa ń já lé léjìká. Owó oṣù tọ́ sí i, kì í ṣe àánú látọwọ́ àwọn ará òkè òkun.