Adójútòfò Orí Íntánẹ́ẹ̀tì àti Ìbéèrè Tẹ́tẹ́
Láti ìgbà tí àwọn olùwádìí Gordon, Loeb àti Sohail ti tẹ àpilẹ̀kọ wọn jáde ní Amẹ́ríkà ní 2003 ni ìwádìí àwọn onímọ̀ ti ń pọ̀ sí i lórí adójútòfò orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyíinì ni àdéhùn tí iléeṣẹ́ fi ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà kí ó lè dí òfò rẹ̀ bí olè bá jà á lórí kọ̀ǹpútà. Ìṣirò ewu ló sì gbilẹ̀ jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí Yunifásítì Olabisi Onabanjo wà, àti ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́ẹ́nì jọ ń gbé, ìbéèrè mìíràn ló yẹ kó ṣáájú: ṣé tẹ́tẹ́ kọ́ ni kí ènìyàn máa sanwó lórí ewu tó lè má ṣẹlẹ̀? Àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù tó pàdé ní Jeddah ní 1985 kọ adójútòfò oníṣòwò nítorí àìdánilójú inú àdéhùn rẹ̀, wọ́n sì gba èyí tí àwọn olùdáwó ti jọ ń ru òfò ara wọn. Irú ìdáwó bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí ẹni tó ti dá èésú rí. Ṣùgbọ́n jàǹbá orí íntánẹ́ẹ̀tì lè kọlu gbogbo olùdáwó lọ́jọ́ kan náà, débi tí kò ní sí ẹni tí yóò ru ti ẹnìkejì. Ibí yìí gan-an ni ìdáhùn Jeddah kò dé.