Ebi Tí Ó Ṣáájú Iṣẹ́ Abẹ

Àwọn àgbà wa sọ pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó di dandan kí ó wọ inú tí ebi ti wọ̀: ọ̀rọ̀ dókítà tí ó ní kí aláìsàn má jẹun kí a tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Bí ọmọ bá ń sunkún oúnjẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ta ni ó fẹ́ràn rẹ̀ jù: ẹni tí ó fún un ní àkàsà, tàbí ẹni tí ó fi dù ú?

Ìbéèrè yìí kò jìnnà sí wa ní Ahoyéyé. Ní Pobè ni ilé ìwòsàn tí Àjọ Raoul Follereau dá sílẹ̀ fún àrùn Buruli wà. Kòkòrò Mycobacterium ulcerans ni ó ń fà á. Ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ àbàtà, ó sì ń jẹ awọ ara, lọ́pọ̀ ìgbà láìsí ìrora ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní Áfíríkà, nǹkan bí ìdajì àwọn tí ó ń mú ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Oògùn ọ̀sẹ̀ 8 ni ìpìlẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí egbò bá tóbi, a máa ń gé ibi tí ó ti kú kúrò, a sì ń fi awọ láti ibòmíràn lára aláìsàn bò ó. Nítorí náà, èjìká ọmọdé ni ẹrù ebi yìí sábà máa ń já lé.

Kí ni ìdí rẹ̀? Bí a bá fún ènìyàn ní oògùn oorun, ọ̀fun rẹ̀ kò lè ṣọ́ ọ̀nà mọ́. Oúnjẹ inú ikùn lè padà gòkè, kí ó sì wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ní 1946, dókítà Curtis Mendelson ní New York ṣàlàyé ewu yìí lára àwọn aboyún tí a fún ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ nígbà ìrọbí. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run: òwe tí a fi ń bá alájẹkì wí di òótọ́ gbangba nínú yàrá iṣẹ́ abẹ.

Àwọn kan yóò sọ pé àkàsà kékeré kan kò lè pa ọmọ. Ọ̀rọ̀ wọn lágbára, nítorí lọ́dọ̀ wa, fífún ni lóúnjẹ ni àmì ìfẹ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fún ọmọ lóúnjẹ ní kọ̀rọ̀ ti nu omijé ti ara rẹ̀. Ewu kù sọ́dọ̀ ọmọ. Bí ó bá tún fi í pamọ́ fún dókítà, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: dókítà tí ó mọ̀ lè sún iṣẹ́ náà síwájú, èyí tí kò mọ̀ kò lè ṣọ́ra.

Ǹjẹ́ ó wá tọ́ kí a máa gbọ́ràn láìbéèrè? Àwọn baba wa mọ èèwọ̀ ìtọ́jú: oníṣègùn lè ní kí aláìsàn má jẹ epo tàbí iyọ̀ títí yóò fi sàn, kì í sì í sábà sọ ìdí. Ìbẹ̀rù ni ó ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn pa á mọ́, ìbẹ̀rù a sì máa dín kù níbi tí ojú kò tó. Dókítà pẹ̀lú lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí ó bá kàn kọ ọ̀rọ̀ Faransé méjì, « à jeun », sórí ìwé. Inú òfìfo ni ó túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí ó ń ka Yorùbá, ó jọ « jẹun »! Ìyá tí a fi èdè rẹ̀ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró fún kò nílò ẹ̀ṣọ́.

Ojúṣe náà kò mọ sí ìdílé nìkan. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ dókítà ń tẹ̀ lé lónìí ni wákàtí 6 fún oúnjẹ, 4 fún ọmú ìyá, 2 fún omi lásán. Bí a bá ní kí ọmọ má jẹ, kí ó má mu láti alẹ́, tí a kò sì pè é títí di ọ̀sán, ìyà ni a fi jẹ ẹ́. Ẹni tí a fún ní àṣẹ láti fi ebi pa ọmọlàkejì fún ire rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ka wákàtí ebi náà.

Èrò tiwa ni pé ẹni tí ó fi oúnjẹ du ọmọ ní òwúrọ̀ náà fẹ́ràn rẹ̀, bí ó bá bá a ru ẹrù ebi náà. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Kí ará ilé má jẹun lójú rẹ̀. Kí wọ́n pa àlọ́ fún un, kí wọ́n sì sọ ìdí fún un, nítorí ọmọ ọdún 7 lè lóye. Kí àkàsà rẹ̀ sì wà ní sẹpẹ́ de ìgbà tí dókítà bá ní kí ó jẹ.